Kúlà Funfun àti Gílóòbù Mọ́tò: Bí A Ṣe Ń Wọn Iná LED Nílé

Ẹni tó bá dé ìsọ̀ onígílóòbù, wáàtì ló máa ń béèrè. “Ẹ fún mi ní wáàtì 15.” Láyé gílóòbù onírin pupa, ìbéèrè yẹn mọ́gbọ́n dání, torí bákan náà ni gbogbo wọn ń ṣe: wáàtì 60 kì í fi bẹ́ẹ̀ ju lúmẹ́nì 700 sí 800 lọ, ẹni yòówù kó ṣe é, ìyẹn nǹkan bíi lúmẹ́nì 12 sí 13 lórí wáàtì kọ̀ọ̀kan. Téèyàn bá ti mọ wáàtì, ó ti mọ bí yàrá yóò ṣe mọ́lẹ̀ tó. LED ló da ìṣirò náà rú. Gílóòbù LED méjì lè wà nínú páálí tí wọ́n kọ wáàtì 9 sí, kí ọ̀kan máa fún ni ní lúmẹ́nì 60 lórí wáàtì kan, kí èkejì sì kọjá 100. Wáàtì ni ohun tí gílóòbù ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Lúmẹ́nì ni ohun tó ń san padà.

Ilé tó ń lo iná ìjọba lè má ka ìyàtọ̀ yìí sí. Àmọ́ fún ilé tó gbé sóólà sórí òrùlé, tó ń fi bátìrì sun mọ́jú, ìyàtọ̀ yìí ló máa sọ bóyá iná yóò kú láago méjì òru tàbí yóò bá ilẹ̀ mọ́. Mo gbà pé ó yẹ kí àwọn tó ń to sóólà, àwọn oníṣẹ́ iná, àti ọmọ iléèwé tó fẹ́ràn físíìsì mọ bí wọ́n ṣe lè fi ọwọ́ ara wọn wọn gílóòbù, dípò kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ páálí gbọ́. Kò dìgbà tí wọ́n bá kọ́ yàrá àyẹ̀wò. Kúlà funfun kan, mítà mélòó kan, gílóòbù mọ́tò àti sùúrù ti tó.

Ìṣirò tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà kò ju pípín lọ. Ẹ mú ìmọ́lẹ̀ tó jáde, kí ẹ fi mànàmáná tó wọlé pín in: lúmẹ́nì lókè, wáàtì nísàlẹ̀. Ibi tí wàhálà wà ni pé òkè lè parọ́, ìsàlẹ̀ náà sì lè parọ́, nígbà míì kí àwọn méjèèjì jọ pa á. Owó gọbọi ni àwọn yàrá àyẹ̀wò ńlá fi ń bá irọ́ yìí jà. Ẹni tó ń ṣe é nínú ilé kò lówó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ọgbọ́n mìíràn ni yóò dá. Ẹ má ṣe bi irinṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú pé, “Mélòó ni?” Ẹ bi í pé, “Ṣé àwọn méjèèjì dọ́gba?” Ìbéèrè àkọ́kọ́ sábà máa ń kọjá agbára rẹ̀. Ìkejì kì í sábà kọjá.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ ju LED lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1840 sókè, Robert Bunsen, onímọ̀ kẹ́míìsì ará Jámánì, fi òróró kán bébà kan lójú, ó sì gbé bébà náà sáàárín àtùpà méjì. Tí ìmọ́lẹ̀ apá kan bá pọ̀ ju ti apá kejì, ojú òróró náà máa yàtọ̀ gedegbe, yálà kó ṣú tàbí kó mọ́. Tí ìhà méjèèjì bá dọ́gba, ó máa fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ojú èèyàn kò lè wo gílóòbù kó sọ pé lúmẹ́nì 800 nìyí, àmọ́ kò sí ẹni tí kò lè mọ̀ pé ojú òróró ti pòórá. Rúlà ló kù. Ìmọ́lẹ̀ tó bá rin ọ̀nà tó gùn ní ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ló ń débẹ̀. Bí àtùpà kan bá wà ní mítà 1 sí bébà, tí èkejì sì ní láti sún sẹ́yìn dé mítà 1.4 kí ojú òróró tó pòórá, àtùpà kejì yẹn mọ́lẹ̀ tó méjì àkọ́kọ́. Ẹnikẹ́ni lè dán an wò lálẹ́ òní pẹ̀lú ewé ìwé kan àti òróró ẹ̀pà ẹ̀kán kan.

Àléébù rẹ̀ ni pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń wò. Gílóòbù tó ní gíláàsì tó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ síwájú, bíi ti tọ́ọ̀ṣì, yóò fi ojú èyí tó ń tàn yíká gbolẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé èyí tó ń tàn yíká ló ń tú ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ jù jáde. Lúmẹ́nì kò bìkítà nípa ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ gbà. Gbogbo rẹ̀ ló ń kà, iwájú, ẹ̀yìn, òkè, ilẹ̀. Báwo la ṣe máa kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú kan?

Ẹnjiníà ará Jámánì mìíràn, Richard Ulbricht, tó ṣiṣẹ́ ní Dresden, ló fún ìbéèrè yẹn lésì tí ayé ń lò títí dòní. Ní 1900 ló ṣàlàyé pé tí a bá gbé fìtílà sínú bọ́ọ̀lù ńlá tó ṣófo, tí inú rẹ̀ funfun tí kò sì dán, ìmọ́lẹ̀ yóò máa ta láti ògiri dé ògiri, títí kò fi ní sí ẹni tó lè mọ ọ̀nà tó kọ́kọ́ gbà jáde. Gbogbo ojú ògiri yóò wá gba iye kan náà. Ihò kékeré kan ti tó láti fi ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nínú yàrá àyẹ̀wò, bọ́ọ̀lù yìí lè ga ju èèyàn lọ, bárííọ̀mù sọ́féètì ni wọ́n sì sábà ń fi kun inú rẹ̀.

Nílé tiwa, kúlà fífúyẹ́ funfun tí àwọn ẹlẹ́ja àti oníyìnyín ń lò ló máa ṣe iṣẹ́ bọ́ọ̀lù. Lóòótọ́, ó ní igun, bọ́ọ̀lù kò sì ní, àmọ́ igun kan náà ni gílóòbù kìíní àti gílóòbù kejì yóò bá pàdé. Ẹ lu ihò kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí orí gílóòbù lè gbà wọlé, kí ìdí rẹ̀ tó ń gbóná wà níta. Ẹ lu ihò kékeré sí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí i fún ojú mítà ìmọ́lẹ̀. Láàárín àwọn méjèèjì, ẹ fi ègé fómù funfun ṣe ìbòjú, kí ìmọ́lẹ̀ tó ti ara gílóòbù bọ̀ tààrà má baà kọlu ojú mítà. Ìbòjú yìí lèèyàn máa ń fojú kéré jù, bẹ́ẹ̀ òun ló ya àpótí ìwọ̀n sọ́tọ̀ sí àpótí tó kàn ní iná nínú. Tí mítà bá ń rí gílóòbù lójú kojú, a ti padà sídìí ọ̀nà kan ṣoṣo nìyẹn.

Tí inú kúlà bá ti dọ̀tí, ẹ kùn ún ní ọ̀dà funfun olómi tí kò dán. Ẹ má fi ọ̀dà olóròóró kùn ún: dídán rẹ̀ kò dáa fún iṣẹ́ yìí, ohun tí wọ́n sì fi ń tú u lè jẹ fómù náà wọnú. Ẹ fi téèpù dúdú dí gbogbo ẹnu ìdérí. Ní ti mítà, èyí tó ń ka lux (ìyẹn lúmẹ́nì tó ń bọ́ sórí mítà onígun mẹ́rin kan) tí wọ́n ń tà fún àwọn ayàwòrán àti àwọn ẹlẹ́rọ ti tó. Ẹni tó mọ Arduino, pátákó kọ̀ǹpútà kékeré, lò lè ra BH1750, ègé ẹ̀rọ tó kéré ju èékánná lọ, tó sì lè ka lux títí dé 65,535. Ti inú fóònù kò wù mí, torí ohun tí fóònù fi ń ṣe kò ju kó mọ ìgbà tí ojú rẹ̀ yóò mọ́ tàbí ṣú.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú kúlà yìí dáadáa, torí ibẹ̀ ni ìyàlẹ́nu wà. Ká sọ pé inú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40 ní gígùn, 30 ní fífẹ̀, 30 ní jíjìn. Gbogbo ojú ògiri inú rẹ̀ yóò jẹ́ 0.66 mítà onígun mẹ́rin. Ká ní ògiri náà ń dá ìdá 90 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ tó bá kàn án padà. Ìdá 90 padà, ìdá 90 nínú ìyẹn tún padà, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Tí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìmọ́lẹ̀ tó ń ta káàkiri nínú kúlà yóò tó ìlọ́po 9 ohun tó jáde lára gílóòbù. Lúmẹ́nì 800 yóò gbé mítà dé nǹkan bíi lux 10,900. Ó wá ku dẹ̀dẹ̀ kí ọyẹ́ dé. Eruku wọlé, ara kúlà pọ́n díẹ̀ tí ojú kò lè rí i, ìdá 90 di 88. Ìlọ́po 9 ti di 7.3. Gílóòbù kan náà, lúmẹ́nì 800 kan náà, mítà wá ka 8,900. Ìdá 2 péré ló sọnù lára ògiri, àmọ́ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ìdá kan nínú márùn-ún lọ nínú ìwọ̀n wa.

Nítorí náà, ẹni tó bá kọ ọ́ sínú ìwé lóṣù karùn-ún pé “lux 13.6 ni lúmẹ́nì kan nínú kúlà mi,” tó wá ń lo nọ́ńbà yẹn lóṣù kejìlá, ara rẹ̀ ló ń tàn. Gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni kí gílóòbù atọ́nà kan kọ́kọ́ wọlé, gílóòbù tí a mọ iye ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Ibo la ti fẹ́ rí irú rẹ̀ rà?

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ni. Gílóòbù iná bíréèkì olójú kan, èyí tí wọ́n ń kọ P21W sí nídìí, ní òfin tó dè é. Nínú ìlànà 37 tí Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè ṣe fún gílóòbù ọkọ̀, lúmẹ́nì 460 ni P21W gbọ́dọ̀ fúnni ní fóòtì 13.5, ó sì lè fi ìdá 15 nínú 100 lé tàbí kó fi dín. Èyí tó kéré, W5W, tó wà fún iná ẹ̀gbẹ́ àti iná nọ́ńbà, lúmẹ́nì 50 ni tirẹ̀, pẹ̀lú àyè ìdá 20. Ní Gate n’Íbàdàn tàbí ní Ládípọ̀ l’Ékòó, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ wo ìdí rẹ̀ fún lẹ́tà E tó wà nínú òbírí pẹ̀lú nọ́ńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí tí kò bá ní in, kò sí òfin tó dè é. Ẹ ra mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí iléeṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe, kí ẹ sì mú àárín wọn.

Fóòtì 13.5 yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ìmọ́lẹ̀ irin pupa máa ń fò sókè kíákíá ju fóòtì lọ: tí fóòtì bá fi ìdá 1 nínú 100 lé, ìmọ́lẹ̀ yóò fi ìdá bíi 3.4 lé. Orí ìdí gílóòbù gan-an ni kí ẹnu mítà tó ń ka fóòtì wà, kì í ṣe orí bátìrì. Gílóòbù náà kò sì gbọdọ̀ pẹ́ nínú kúlà. Wáàtì 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń jẹ ní fóòtì yẹn, ooru ló sì ń sọ púpọ̀ jù nínú rẹ̀ dà, bẹ́ẹ̀ fómù kúlà ti ń rọ̀ kí ooru tó dé 100°C. Ẹ tàn án, ẹ kà á, ẹ pa á. Gílóòbù onírin pupa wáàtì 60 tàbí 100 kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ rárá, ó lè dáná sun ilé.

Ìdá 15 náà ńkọ́? Ó wà níbẹ̀, kò sí ọgbọ́n tó lè mú un kúrò pátápátá. Àmọ́ ẹ wo ibi tó ń bà jẹ́ àti ibi tí kò lè dé. Tí ẹnì kan bá sọ pé, “Lúmẹ́nì 92 lórí wáàtì kan ni gílóòbù yìí,” ìdá 15 yẹn wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Tí ó bá sọ pé, “Gílóòbù A fi ìdá 30 mọ́lẹ̀ ju B lọ,” kò sí nínú rẹ̀ mọ́, torí gílóòbù mọ́tò kan náà ló tọ́ àwọn méjèèjì sọ́nà. Ẹni tó fẹ́ rà nínú A àti B, ìdáhùn kejì ló ń wá.

Ohun méjì tún wà tó lè da òkè ìpín rú. Ìkínní ni ojú mítà. Sílíkónì tó wà nínú rẹ̀ ń rí ìtànṣán ooru tí ojú èèyàn kò lè rí, dígí kan ni wọ́n fi bò ó kó lè máa ríran bíi tiwa. Ìlà ìríran èèyàn tí wọ́n ń tẹ̀ lé, ìgbìmọ̀ àgbáyé lórí ìmọ́lẹ̀, CIE, ló fọwọ́ sí i ní 1924. Tí dígí náà kò bá dáa, gílóòbù mọ́tò, tó jẹ́ pé ooru ló pọ̀ nínú ìtànṣán rẹ̀, yóò dà bí èyí tó mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, LED tí kò ní irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀ yóò sì jìyà rẹ̀. Ẹ gbé rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n sún mọ́ ojú mítà nínú òkùnkùn, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Tí nọ́ńbà bá sáré sókè, ẹ wá mítà mìíràn.

Ìkejì ni pé gílóòbù fúnra rẹ̀ ń jẹ ìmọ́lẹ̀. Èyí tí ọrùn rẹ̀ dúdú tàbí tó tóbi yóò gbé díẹ̀ mì nínú ohun tó ń ta káàkiri. Ọ̀gbẹ́ni Ulbricht àti àwọn tó tẹ̀ lé e ti rí èyí, oògùn rẹ̀ kò sì le. Ẹ fi LED kékeré kan sí kọ̀rọ̀ kúlà títí lọ, kó fara pamọ́ sẹ́yìn ìbòjú tirẹ̀, kí iná tó ń lọ sí i má yí padà. Ẹ gbé gílóòbù A wọlé láìtàn án, kí ẹ tan ti kọ̀rọ̀ yẹn nìkan, kí ẹ kà á. Ẹ ṣe bákan náà fún B. Tí A bá fún yín ní 520, tí B fún yín ní 480, B ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì ju A lọ nìyẹn. Ohun tí B bá wá fúnni nígbà tó bá tàn, ẹ fi 520/480 sọ ọ́ di púpọ̀, kí wọ́n lè dọ́gba níwájú adájọ́.

Ó ku ìsàlẹ̀ ìpín, ìyẹn mànàmáná. Ti bátìrì ló rọrùn: ẹ fi áńpù sọ fóòtì di púpọ̀, wáàtì dé. Síbẹ̀ ibi tí ẹnu mítà bá wà ṣe pàtàkì. LED funfun kan ṣoṣo máa ń gbé nǹkan bíi fóòtì 3 nígbà tí áńpù 0.35 bá ń gba inú rẹ̀ kọjá. Tí wáyà àti kílíìpù láàárín bátìrì àti LED bá ní ìdajì òmù, fóòtì 0.175 ti sọnù sójú ọ̀nà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 6 nínú 100 ohun tí à ń wọn. Ẹni tó gbé ẹnu mítà lé bátìrì, ó ka gbèsè wáyà mọ́ LED lọ́rùn. Mítà tó ń ka áńpù náà ní òmù tirẹ̀ nínú, torí náà mítà méjì ló dáa, kí ọ̀kan máa ka áńpù, kí èkejì jókòó ti ẹsẹ̀ LED gan-an, kí wọ́n jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà kan náà.

Iná ìjọba ló kún fún ẹ̀tàn. Nínú ọ̀pọ̀ gílóòbù LED pọ́ọ́kú, kapásítọ̀ kan ni wọ́n fi ń dín fóòtì 230 kù. Kapásítọ̀ a máa gba iná, a sì máa dá púpọ̀ nínú rẹ̀ padà láìjẹ ẹ́. Ẹni tó wọn fóòtì 230, tó wọn áńpù 0.075, tó sì fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, 17 ni yóò rí, bẹ́ẹ̀ wáàtì gidi tí gílóòbù ń jẹ lè má ju 9 lọ. Yóò wá dá gílóòbù tó dáa lẹ́bi pé ọ̀jẹun ni. Mítà wáàtì tó ń wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ ìyàtọ̀ yìí. Ẹni tí kò bá ní in, mítà pírípéèdì ilé rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Iná kékeré kan wà lójú mítà yẹn tó ń tàn pàá, tó ń kú. Iye ìgbà tó ń tàn fún yúnìtì kan wà lára mítà, bíi 1000 imp/kWh. Lójú mítà bẹ́ẹ̀, gílóòbù wáàtì 9 kan yóò mú kó tàn lẹ́ẹ̀kan ní gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá 400. Mẹ́wàá pa pọ̀ yóò sọ ọ́ di 40, ìyẹn sì rọrùn láti kà. Ẹ pa fíríìjì, ẹ pa fáànù, ẹ yọ ṣájà fóònù, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan lórí ẹ̀mí: nínú gílóòbù oníkapásítọ̀ yẹn, kò sí ohun tó yà pátákó LED nípa kúrò lára iná ìjọba. Ẹni tó ṣí orí rẹ̀ nígbà tó wà lẹ́nu iná, tó fọwọ́ kàn án, iná ìjọba gan-an ló fọwọ́ kàn. Wíwọn LED tí a ṣí lórí, ẹ fi í mọ sídìí bátìrì.

LED tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn máa ń mọ́lẹ̀ ju bó ṣe máa rí lẹ́yìn ìdajì wákàtí lọ, torí bó bá ṣe ń gbóná ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń dín. Nínú ìlànà LM-79 tí ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ìmọ́lẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2008, 25°C ni afẹ́fẹ́ yàrá gbọ́dọ̀ wà. Wọn yóò ka ìmọ́lẹ̀ àti wáàtì ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ìdajì wákàtí, ìṣẹ́jú 15 síra wọn, wọn kò sì ní gbà pé gílóòbù ti fìdí múlẹ̀ àfi tí ìyàtọ̀ wọn kò bá tó ìdá 0.5 nínú 100. Nínú yàrá tó wà ní 31°C n’Íbàdàn, kò sí bí a ṣe fẹ́ rí 25 láìsí ẹ̀rọ amúlétutù. Àmọ́ a lè dúró kí gílóòbù fìdí múlẹ̀, a sì lè rí i pé ooru kan náà ni A àti B jọ fara dà.

Ọ̀nà mìíràn wà tó wù mí ju kúlà lọ, kò sì wo ìmọ́lẹ̀ rárá. Ooru ló ń wò. Mànàmáná tó bá wọ LED, ọ̀nà méjì ló ní: kó di ìmọ́lẹ̀ tó fò lọ, tàbí kó di ooru tó gba ìdí LED wọ irin tó jókòó lé. Tí a bá mọ ooru, a ti mọ ìmọ́lẹ̀. Ẹ wá páànù àlùmíníọ̀mù kan tó nípọn díẹ̀. Ẹ de LED mọ́ ọn, kí ẹ de résísítọ̀ kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ LED, kí ẹ sì fi ẹnu tẹmómítà mítà yín lẹ̀ mọ́ irin náà. Ẹ tan LED. Ká sọ pé ó ń jẹ wáàtì 1.05, tí irin sì gbóná títí ó fi dúró sójú kan, 17°C lókè ooru yàrá. Ẹ pa á, kí ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ wá fún résísítọ̀ níná, kí ẹ máa yí fóòtì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí irin yóò fi tún dúró ní 17°C lókè ooru yàrá. Résísítọ̀ kì í tan ìmọ́lẹ̀, gbogbo ohun tó bá jẹ ló ń sọ di ooru. Tó bá jẹ́ pé wáàtì 0.63 ló gbé e dé ibẹ̀, wáàtì 0.63 ni ooru LED nìyẹn. Wáàtì 0.42 tó kù ti bá ìmọ́lẹ̀ lọ: ìdá 40 nínú 100.

Ohun tó dùn mọ́ mi níbẹ̀ ni pé tẹmómítà kò ní láti péye. Tó bá ń fi 3°C purọ́, irọ́ kan náà ló pa fún LED àti fún résísítọ̀. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni afẹ́fẹ́: kí fáànù kú, kí fèrèsé wà ní títì, kí ẹnikẹ́ni má rìn kọjá. Ìmọ́lẹ̀ LED kò sì gbọdọ̀ padà wá kan irin. Ọ̀nà láti dán gbogbo rẹ̀ wò ni kí ẹ fi ìdérí dúdú bo LED, kí ìdérí náà jókòó gbọnyin lé irin, kó sì wà níbẹ̀ nígbà tó bá kan résísítọ̀ pẹ̀lú. Ìmọ́lẹ̀ kò ríbi sá lọ, nítorí náà LED àti résísítọ̀ gbọ́dọ̀ gba wáàtì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Tí wọn kò bá dọ́gba, ooru ń jò níbì kan.

Láti ìdá 40 dé lúmẹ́nì, ó ku ìgbésẹ̀ kan. Láti 1979 ni wọ́n ti fi ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé kan, tó wà níbi tí ojú wa ti ń ríran jù, ṣe òṣùwọ̀n: wáàtì 1 rẹ̀ jẹ́ lúmẹ́nì 683. LED funfun kò lè dé ibẹ̀. LED aláwọ̀ búlúù ni, irú èyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mẹ́ta, Akasaki, Amano àti Nakamura, gba ẹ̀bùn Nobel lé lórí ní 2014, tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ìyeyè bò kí àdàlù wọn lè dà bíi funfun. Ojú wa kì í rí búlúù àti pupa dáadáa bí ó ṣe ń rí àwọ̀ ewé, nítorí náà wáàtì 1 ìmọ́lẹ̀ funfun LED sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi lúmẹ́nì 300 sí 330. Ìdá 40 nínú 320 jẹ́ 128. Bí kúlà bá sọ pé 125, tí ooru sì sọ pé 128, èmi gbà. Bí kúlà bá sọ pé 160, gílóòbù mọ́tò yẹn ni mo máa kọ́kọ́ fura sí.

Àwọn ìbéèrè kan wà tí kò tilẹ̀ nílò gílóòbù atọ́nà, àwọn ló sì wúlò jù fún onísóólà. Ẹ fi LED kan ṣoṣo sínú kúlà, kí ẹ fún un ní áńpù 0.7, kí ẹ pe ohun tí mítà bá kà ní 100. Ẹ wá dín áńpù kù sí 0.35. Kì í ṣe 50 lẹ máa rí. Nǹkan bíi 57 ni, bẹ́ẹ̀ wáàtì ti já wálẹ̀ láti 2.24 sí nǹkan bíi 1.05, tí kò tó ìdajì. Wáàtì kọ̀ọ̀kan ti wá ń san ìdá kan nínú márùn-ún lé. Bí LED ṣe rí nìyẹn: bí áńpù bá ṣe ń pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ń fi mànàmáná ṣòfò sí i. LED méjì tó ń ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ dára fún bátìrì ju ọ̀kan tí wọ́n ń fi agbára lé lọ.

LED rírọ̀ gígùn tó ń lo fóòtì 12, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àjà àti ìsọ̀, tún ní àṣírí tirẹ̀. LED mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n tò tẹ̀ léra wọn, pẹ̀lú résísítọ̀ kan. LED mẹ́ta gba nǹkan bíi fóòtì 9. Fóòtì 3 tó kù, ara résísítọ̀ ló ń kú sí. Ìdá kan nínú mẹ́rin bátìrì ń lọ láti fi mú résísítọ̀ gbóná. Lọ́sàn-án, tí òrùn bá ń fún bátìrì olóje lágbára dé fóòtì 14.4, ohun tó ń sọnù lè di ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ fi ẹnu mítà kan ẹsẹ̀ méjèèjì résísítọ̀ náà, ẹ óò rí i lójú mítà láìsí kúlà rárá. Dráífà kékeré tó ń dá áńpù dúró sójú kan wà lọ́jà tí kì í jẹ tó bẹ́ẹ̀. Bóyá owó rẹ̀ tọ́ sí i, ẹ gbé LED kan náà sínú kúlà, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú résísítọ̀, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú dráífà, kí ẹ ka wáàtì látẹnu bátìrì nígbà méjèèjì.